Ṣé àwa la ni sọ́fítíwíà tá a fi ń ṣiṣẹ́, àbí ìṣákọ́lẹ̀ la kàn ń san?

Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù dẹ̀sáínì àti ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú torí ó gùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní 2012 mo ra CD sọ́fítíwíà dẹ̀sáínì kan ní Computer Village ní 1,500 náírà, mo lò ó títí láptọ́ọ̀pù yẹn fi kú. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí mo rà, kò tiẹ̀ ní ihò tí wọ́n ń ki CD bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ báyìí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ní oṣù méjì sẹ́yìn káàdì mi kọ̀, owó ò lọ, nígbà tí mo wá fẹ́ ṣí álímánáàkì tí ìjọ kan ń dúró dè, ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó. Fáìlì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe! Ṣé àwọn ló ni iṣẹ́ mi ni? Wọ́n tún sọ fún mi pé wọ́n ń yọ́jú wo ohun tá a bá ń ṣe, pé wọ́n fi ń kọ́ AI. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ wá kráàkì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti já àgádágodo ẹ̀, kí n sinmi. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, níwọ̀n ìgbà tó o ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n, jẹ́ kí n kúkú bá ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tá a ti ń fi fílópì kó fáìlì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, mo ti sanwó sọ́fítíwíà, mo ti lo èyí tí wọ́n jí, mo ti kábàámọ̀, mo sì tún ti padà wá sanwó. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé o lọ́ nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ, bí wọ́n ṣe ń tà á fún wa ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ló ni sọ́fítíwíà? Ta ló ni iṣẹ́ tó o fi sọ́fítíwíà ṣe? Ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra wọn rárá, ìyẹn ló fi ń ṣe ẹ́ bíi pé wọ́n gba iṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ wà níbi tó wà, ọ̀nà débẹ̀ ni wọ́n dí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí CD 1,500 náírà yẹn, má bínú sí mi. Mo rántí àwọn CD ọ̀hún dáadáa, inú nylọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á fi máákà kọ orúkọ ẹ̀ sójú ẹ̀, wọ́n á ká bébà kékeré kan tí nọ́ńbà gígùn wà lára ẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó tà á fún ẹ á sì kì ẹ́ nílọ̀ pé "má tan íntánẹ́ẹ̀tì o, tó o bá tan íntánẹ́ẹ̀tì ó máa bàjẹ́." Ohun téèyàn fowó ẹ̀ rà, tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sá pa mọ́, ṣé o rò pé tìẹ ni? Lọ́dún 2012 yẹn kan náà ni Photoshop CS6 jáde, 699 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó lè gé 699 dọ́là wá sí 1,500 náírà àfi tó bá jí i. Àmọ́ gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu jù. Ẹni tó ka 699 dọ́là sílẹ̀, tó gba páálí ẹ̀ àti rìsíìtì ẹ̀, òun náà ò ra sọ́fítíwíà. Àṣẹ láti lò ó ló rà, ohun tí wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ìwé gígùn tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wa máa ń tẹ "I Agree" láìka ìlà kan níbẹ̀, ohun tó ń sọ nìyẹn: a fún ẹ láyè kó o lò ó, lórí kọ̀ǹpútà iye báyìí, o ò gbọdọ̀ tú inú ẹ̀ wò, o ò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì ni ín.

Ó jọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Bàbá tó bí bàbá mi, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti dáko títí ó fi kú, ọdọọdún ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, iṣu díẹ̀, epo díẹ̀, nígbà tó yá ó di owó. Kò sẹ́ni tó bá a du iṣu ẹ̀. Iṣu tó gbìn, òun ló ni ín, ó lè jẹ ẹ́, ó lè tà á, ó lè fi ṣe ìnáwó. Àmọ́ wọn ò gbà kó gbin obì tàbí kòkó síbẹ̀ láìgbàṣẹ, torí ẹni tí igi ẹ̀ bá ti ta gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilẹ̀ ní tiẹ̀, onílẹ̀ ò sì fẹ́ ìjà. Sọ́fítíwíà ni ilẹ̀ yẹn, owó oṣooṣù ni ìṣákọ́lẹ̀, fáìlì ẹ ni iṣu. Lọ́jọ́ álímánáàkì yẹn, iṣu ẹ ti ta, àmọ́ inú ebè ló ṣì wà, onílẹ̀ wá gbé igi dábùú ọ̀nà oko torí ìṣákọ́lẹ̀ ò tíì dé. Kò sọ pé òun ló ni iṣu o, ó kàn mọ̀ pé tí o ò bá gba ibẹ̀ kọjá, o ò lè wa á. Nítorí náà rárá, wọn ò ni iṣẹ́ ẹ. Òfin kọ́píráìtì wa ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbà pé ó ni ín, àdéhùn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó o bá fi irinṣẹ́ àwọn ṣe, tìẹ ni. Àṣìṣe èmi àti ìwọ ni pé a fi iṣu sílẹ̀ sínú ebè fún ọdún mẹ́wàá, à ń sọ pé ilẹ̀ ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀.

Èé ṣe tí wọ́n fi yí i padà sí oṣooṣù? Oṣù karùn-ún 2013 ni Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni Photoshop, kéde pé CS6 ló kẹ́yìn, pé èyíkéyìí tó bá tún máa jáde, inú Creative Cloud ló máa wà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó máa sanwó lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ míì náà sì gba ọ̀nà yẹn. Àwọn kan ní torí àwa tá à ń jí i lò ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ CD ni wọ́n ń tà, ẹni tó ra ti 2005 lè lò ó dé 2015 kó má fún wọn ní kọ́bọ̀ mọ́, torí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó fún káàdì ìgbéyàwó àti pósítà, kí ló fẹ́ fi tuntun ṣe? Òǹtajà ò fẹ́ràn kọ́sítọ́mà tó ti yó. Mi ò ní purọ́ fún ẹ ṣá, ẹni tó ń gba dọ́là rí àǹfààní níbẹ̀: dípò kó kó 699 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè san owó oṣù kan péré, kó ṣe iṣẹ́ oṣù yẹn, kó dá a dúró. Ní tiwa níbí, dọ́là yẹn gan-an ló ń pa wá. Ṣé o rántí 2022, tí àwọn báǹkì gé iye tá a lè fi káàdì náírà ná lókè òkun wá sí 20 dọ́là lóṣù, kó tó di pé ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ dá a dúró pátápátá, tí gbogbo èèyàn wá ń sáré wá káàdì dọ́là orí fóònù kiri, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù kẹfà 2023 dé, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Ká ní 20 dọ́là ni ìṣákọ́lẹ̀, nígbà tí báǹkì ń ṣẹ́ ẹ ní 460, 9,200 náírà ni; nígbà tó dé 1,500 ní 2024, ó di 30,000. Iye tí ìjọ ń san fún ẹ lórí álímánáàkì, ṣé ó di ìlọ́po mẹ́ta? Ká tiẹ̀ ní onílẹ̀ ò fi kọ́bọ̀ kan kún ìṣákọ́lẹ̀, owó tá a fi ń san án ti jó àjórẹ̀yìn.

Tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "oṣooṣù" fúnra ẹ̀. Ètò kan wà tó jẹ́ pé ọdún kan gbáko lo fọwọ́ sí, wọ́n kàn pín owó ẹ̀ sí oṣù méjìlá ni, tó o bá ní o fẹ́ jáde láàárín, wọ́n á bu owó ìtanràn lé ẹ. Torí irú ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe gbé Adobe lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹfà 2024, ẹ̀sùn wọn ni pé ó fi owó ìtanràn yẹn pa mọ́ síbi tójú ò tó. Kó o tó tẹ ohunkóhun, wò ó bóyá "monthly" ló kọ síbẹ̀ tàbí "annual, billed monthly".

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni wọ́n dí ọ̀nà oko mọ́. Ní oṣù keje 2009, Amazon nawọ́ láti òkèèrè wọ inú Kindle àwọn èèyàn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kàwé, ó yọ ìwé tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ kúrò, torí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, Jeff Bezos tó jẹ́ ọ̀gá Amazon nígbà yẹn fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì, àmọ́ ohun tá a kọ́ ni pé ọwọ́ wọn dé inú yàrá wa. Ní ìparí oṣù kẹta 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ tó gbé géèmù The Crew ró, ẹni tó ra díìsìkì ẹ̀ wá jókòó ti díìsìkì. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé òǹtajà ò gbọdọ̀ kọ "rà" sára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó yé èèyàn pé láísẹ́ǹsì lásán ló ń gbà. Èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ wa jù ni ti Pantone ní 2022. O mọ̀ pé Pantone ló ń fún àwọ̀ ní nọ́ńbà, káwọn tẹ̀wétẹ̀wé ibi gbogbo lè tẹ àwọ̀ kan náà. Òun àti Adobe ò gbọ́ra wọn yé lórí owó, wọ́n bá yọ ọ̀pọ̀ àwọ̀ náà kúrò nínú Photoshop, àwọn èèyàn wá ń ṣí fáìlì tí wọ́n ti ṣe látijọ́, ibi tí àwọ̀ yẹn ti yẹ kó wà di dúdú kirimu, àfi kí wọ́n tún lọ sanwó ọ̀tọ̀ fún Pantone. Fáìlì wọn ni o, orí kọ̀ǹpútà wọn ló wà, àwọ̀ inú ẹ̀ ni kì í ṣe tiwọn.

Báwo la ṣe ń wa iṣu wálé? Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó o bá ti parí, má fi sílẹ̀ nínú fáìlì sọ́fítíwíà yẹn nìkan. PSD tó jẹ́ fáìlì Photoshop tàbí CDR tó jẹ́ ti CorelDRAW, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n ló ń pinnu bí inú wọn ṣe máa rí, àwọn tó kù ń sáré tẹ̀ lé wọn ni, ìdí nìyẹn tí GIMP, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan, fi lè ṣí PSD kí ọ̀rọ̀ àti òjìji inú ẹ̀ tú ká, tí Inkscape tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fi lè ṣí CDR kan dáadáa kó wá da òmíì rú pátápátá. Àmọ́ PDF, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Adobe ló bí i, láti 2008 ló ti di ti gbogbo ayé, ó wà nínú ìwé ìlànà ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe sọ́fítíwíà tó ń kà á. SVG fún lógò àti ohun tá a fi ìlà yà, TIFF fún fọ́tò, bákan náà ni. Fi irú ẹ̀ pa mọ́ ti fáìlì gan-an, kó o sì kó fóńtì tó o lò sínú fódà kan náà. Ọ̀rọ̀ fóńtì yìí, má fi ṣeré. A tẹ ìwé ètò ìsìnkú kan nígbà kan, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, fóńtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa ò sí lórí ti ẹni tó ṣe pléètì, gbogbo ibi tí ẹ, ọ àti ṣ ti yẹ kó wà, àpótí kéékèèké ló jókòó síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ọmọ olóògbé dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò bú wa, ó kàn ń fi ìka tọ orúkọ bàbá ẹ̀, ó ń kà á jáde: "Adé, àpótí, àpótí, lá." Adéṣọlá ni bàbá ń jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, PDF méjì ni mò ń ṣe, ọ̀kan tí mo ti sọ gbogbo lẹ́tà inú ẹ̀ di curve, ìlà yíyà tí kò nílò fóńtì mọ́, ìyẹn ló ń lọ sí tẹ̀wétẹ̀wé, ọ̀kan tí lẹ́tà ẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́tà, ìyẹn ló ń dúró sílé torí àtúnṣe ọdún tó ń bọ̀.

Ó ku ti pé wọ́n ń yọ́jú wo iṣẹ́ ẹ. Ariwo yẹn, oṣù kẹfà 2024 ló bẹ́. Adobe gbé àdéhùn tuntun sójú àwọn tó ń lò ó, àfi kó o gbà á kó o tó lè wọlé ṣiṣẹ́, ó sì wà nínú ẹ̀ pé àwọn lè wo ohun téèyàn ṣe, yálà kí ẹ̀rọ wò ó tàbí kí èèyàn wò ó. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kárí ayé fárígá. Kò pẹ́ tí Adobe fi jáde sọ pé àwọn ò fi iṣẹ́ kọ́sítọ́mà kọ́ Firefly, ìyẹn AI wọn tó ń ya àwòrán, wọ́n sì tún àdéhùn náà kọ. Ṣé mo gbà wọ́n gbọ́? Mo gba ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbọ́, torí tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ èèyàn lè pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n tún kọ lónìí, wọ́n lè tún un kọ lọ́la. Ohun tó wà níkàáwọ́ ẹ ni ibi tí fáìlì ẹ ń gbé. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ yàtọ̀ sí èyí tó o gbé sí kíláòdù wọn, ìyẹn orí kọ̀ǹpútà tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti kíláòdù ni ẹ̀rọ wọn ń yẹ̀ wò, bọ́tìnnì kan sì wà nínú ètò àkáǹtì, níbi tí wọ́n kọ "content analysis" sí, tó o lè pa kí wọ́n má bàa máa fi tìẹ tún sọ́fítíwíà wọn ṣe. Lọ pa á. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Àmọ́ èyí tí ìwọ ò tiẹ̀ béèrè ló ń kọ mí lóminú ju tìẹ lọ, ìyẹn tàwọn kọ́sítọ́mà ẹ. Káàdì ìgbéyàwó tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ, àdírẹ́sì ilé ìyàwó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ò ní sẹ́nì kan nílé wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù àǹtí mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ ilé ìwé tó o fi ṣe ID card, ìbuwọ́lùwé ọ̀gá ilé ìwé lórí sẹ̀tífíkéètì, gbogbo ẹ̀ wà lórí fláàṣì kan tó ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú níbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó mọye ẹni tó ti kì í bọ kọ̀ǹpútà. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ò sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń bá wí. Ohun tí Adobe jẹ́ lójú ẹ, òun nìwọ náà jẹ́ lójú ìyàwó tó gbé káàdì wá. Kí n má sì tíì sọ ti ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n ń wo álímánáàkì òun, tó wá gba app owó yíyá láyè kó ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹ̀, tó bá pẹ́ san án lọ́jọ́ méjì wọ́n á ti fi "olè ni, ẹ bá wa mú un" ránṣẹ́ sí àna ẹ̀ àti pásítọ̀ ẹ̀.

Kráàkì. Mi ò ní wàásù fún ẹ, ẹni tó ti jí nǹkan lò rí ò lè gun àga ìwàásù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni màá sọ. Ní 2019, alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo da kráàkì kan sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Ó yẹ kí n ti mọ̀, ṣé ẹni tó ń bọ̀ wá kí èèyàn á ní kó kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀ ni? Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, gbogbo fáìlì mi ti ní ìrù tí mi ò mọ̀ lẹ́yìn orúkọ wọn, kò sí ọ̀kan tó ṣí, bẹ́ẹ̀ fọ́tò, bẹ́ẹ̀ dẹ̀sáínì, inú fódà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lẹ́tà kékeré kan sí, _readme.txt lorúkọ ẹ̀: 980 dọ́là ni kí n san, tí mo bá tètè kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, wọ́n á gbà á ní 490. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní STOP/Djvu nìyẹn, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó, inú kráàkì gan-an ló fẹ́ràn láti máa sá pa mọ́ sí. Ìwé ìrántí ọdún àádọ́ta ẹgbẹ́ kan, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sanwó. Díẹ̀ tó padà bọ̀, fláàṣì kan tí mo gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò ni mo ti rí i. Irú kejì tiẹ̀ burú jùyẹn lọ torí kì í pariwo, á kàn kó páswọ́ọ̀dù inú browser ẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí kan ti báǹkì. Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ òfin kọ́píráìtì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó mú ẹni tó bá já àgádágodo sọ́fítíwíà náà. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé o ṣeun.

Ọ̀nà míì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ìlú ni, kò ní onílẹ̀ kan ṣoṣo. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìtàn ẹ̀ fáwọn tẹ̀wétẹ̀wé torí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà nínú ẹ̀. Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ní, ó ti tún sọ́fítíwíà ẹ̀ ṣe débi pé tí bébà bá há sínú ẹ̀, ó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń dúró de iṣẹ́. Wọ́n wá fún wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox tuntun, bébà ń há sínú òun náà, àmọ́ wọn ò fún un ní inú sọ́fítíwíà ẹ̀ kó tún un ṣe, nígbà tó sì wá ẹni tó ní in lọ, ẹni yẹn ní òun ti fọwọ́ síwèé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbínú yẹn sínú, ní 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíì. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń jà títí dòní lórí orúkọ tí wọ́n pè é, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira, ìjà tí Yorùbá ò ní bá wọn dá sí torí ọ̀tọ̀ lọ̀fẹ́, ọ̀tọ̀ lòmìnira. GIMP tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley bẹ̀rẹ̀, tó jáde ní 1996, inú agbo yẹn ló wà, Inkscape, Krita àti Scribus náà wà níbẹ̀. O lè fi wọ́n sórí kọ̀ǹpútà ogún, kò sí káàdì tó máa kọ̀.

Ṣé wọ́n dáa tó? Fún lógò, pósítà orí WhatsApp, ìwé ètò, bẹ́ẹ̀ ni. Fún iṣẹ́ tó ń lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin, ó ní wàhálà tiẹ̀, màá sì sọ ọ́ fún ẹ kó tó bá ẹ lójijì. GIMP, títí dé 3.0 tó jáde ní oṣù kẹta 2025, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló fi ń ronú, kì í ṣe àwọ̀ íńkì, kó o rí búlúù tó mọ́lẹ̀ kedere lójú kọ̀ǹpútà kó jáde ní àlùkò lórí bébà. Inkscape náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń tún fọ́tò ṣe nínú GIMP, màá to gbogbo ẹ̀ sínú Scribus, torí Scribus mọ CMYK, ìyẹn àwọ̀ íńkì mẹ́rin, ibẹ̀ ni PDF tẹ̀wé ti ń jáde, màá sì tẹ ẹ̀dà kan wò kí n tó jẹ́ kí wọ́n ṣe pléètì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ wàá máa ṣépè, torí gbogbo bọ́tìnnì ti kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ mọ̀. Affinity náà wà, ti àwọn ará Britain, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Canva wá rà wọ́n ní 2024, ní oṣù kẹwàá 2025 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Canva. Ó mọ CMYK dáadáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe òmìnira. Onílẹ̀ ló dárí ìṣákọ́lẹ̀ jì wá, òun ló ṣì ni ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mi ò ní fi ìbínú já oṣooṣù yẹn sílẹ̀ lónìí. Màá san oṣù kan, èyí tó jẹ́ oṣù kan lóòótọ́, màá sì fi gbogbo oṣù yẹn wa iṣu, màá bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tó ń padà wá lọ́dọọdún, álímánáàkì ìjọ, kàlẹ́ńdà, káàdì ilé ìwé, ti ìgbéyàwó lè dúró, èèyàn mélòó ló ń tún un ṣe. Láàárín ìgbà yẹn ọmọ iṣẹ́ ẹ kan á máa kọ́ Inkscape àti Scribus lórí iṣẹ́ kéékèèké, ọpọlọ wọn yá ju tiwa lọ. Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe pléètì fún ẹ bóyá ó ń gba PDF, torí àwọn kan wà tí wọ́n á ní CDR nìkan làwọn mọ̀, tó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ ẹ ń gbà kọjá, á jẹ́ pé wàá ṣì máa san ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn, fi kún owó iṣẹ́, má fi èrè ẹ san án.

Láptọ́ọ̀pù ẹ tó kú, má tíì gbé e fáwọn oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù o. Láptọ́ọ̀pù ló kú, hard disk inú ẹ̀ lè má tíì kú. Jẹ́ kẹ́ni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe yọ ọ́ lójú ẹ, kó ki í sínú ike oníwáyà USB tí wọ́n ń tà fún un, ṣe scan ẹ̀ dáadáa torí irú CD tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ti gbé inú ẹ̀, kó o wá wo ohun tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ni, nọ́ńbà àti fọ́tò àwọn kọ́sítọ́mà ẹ sì wà níbẹ̀ tí ò yẹ kó bá kọ̀ndẹ́ẹ̀mù lọ. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí álímánáàkì tí ìjọ yẹn ṣe lọ́dún kan sẹ́yìn wà níbẹ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò olùṣọ́-àgùntàn àti déètì nìkan ló kù tó o máa pààrọ̀.